Ta Ló La Ikùn Rédíò Bàbá Adétóyè?

Ọmọ odó ni wọ́n fi pa á. Ó ṣì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú, ẹ̀jẹ̀ bo orí rẹ̀, irun funfun díẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ọn. Bàbá Adétóyè, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, dojú bolẹ̀ ní pálọ̀ ara rẹ̀ ní Ọ̀fà, nínú ṣòkòtò tó wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè yẹn. Ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn dé abẹ́ àga.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Roseline kò wo òkú náà pẹ́. Ó ti rí òkú tó pọ̀ nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá. Rédíò ló mú un bẹ̀rẹ̀.

Rédíò kékeré ni, irú èyí tó ń gba ohùn láti ojú ọ̀run, tí wọ́n ń pè ní rédíò sátẹ́láìtì. Èèyàn lè há a sábíyá. Éríà rẹ̀, tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, wà lójú fèrèsé, ó kọjú sí ìlà oòrùn. Ẹni tó pa Bàbá kò kàn fọ́ rédíò náà. Ó dà á dojú délẹ̀, ó ti ọ̀bẹ bọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì là á bí ẹni la ẹja. Ìdajì wà lórí tábìlì, ìdajì wà nílẹ̀. Ipa ìka ẹlẹ́jẹ̀ sì wà nínú lọ́hùn-ún, láàárín àwọn wáyà.

Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde lára rédíò, ó wọ inú rẹ̀kọ́dà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Rẹ̀kọ́dà yìí ni Bàbá fi ń gba ohùn rédíò sínú kásẹ́ẹ̀tì. Ilẹ̀kùn rẹ̀kọ́dà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kò sí kásẹ́ẹ̀tì níbẹ̀.

"Màdáámù, ẹ má da ara yín láàmú." Sájẹ́ǹtì Olúyẹmí ló dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin gíga ni, ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró jẹ́ẹ́. Ó na ẹ̀mú kan sókè, irú èyí tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe fi ń gé wáyà. "Abẹ́ fèrèsé ni mo ti rí i. Láńrewájú tó ń ta rédíò nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin ló ni ín, orúkọ ẹ̀ wà lára ẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló sì gbọ́ bí òun àti Bàbá ṣe ń pariwo mọ́ra wọn lórí rédíò yìí kan náà. A ti gbé e."

"Ẹ ti gbé e?"

"Ó ti wà nínú sẹ́ẹ̀lì. Ó máa jẹ́wọ́."

Níta, àwọn èèyàn ti kún ojúde. Ohùn kan ké pé, "Ẹ jẹ́ ká lọ jó ṣọ́ọ̀bù ẹ̀!" Àwọn mìíràn sì dáhùn pé àwọn ti ṣe tán.

Roseline tọ́ka sí rédíò. "Kí ló dé tó là á?"

"Ìbínú ni, mà."

"Ẹni tó ń bínú á fi ọmọ odó fọ́ ọ, á máa lọ. Eléyìí fi ọ̀bẹ là á, ó wá ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀. Kí ló ń wá?"

Olúyẹmí fi ẹ̀mú sápò.

Dúpẹ́olúwa, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Bàbá bí, jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé. Ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ tó wà ní Ìlemọ̀nà ló ń ṣiṣẹ́. Ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ ló lọ lọ́sàn-án yẹn, ó dé, ó bá bàbá rẹ̀ nílẹ̀. Ó ti sunkún débi tí páúdà ojú rẹ̀ fi ṣí lápá kan. Roseline rí nǹkan lábẹ́ páúdà náà.

"Kí ló ṣe ọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́?"

"Ilẹ̀kùn ló gbá mi, mà."

"Ilẹ̀kùn tó ní ìka?"

Ọmọbìnrin náà bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó wolẹ̀. Roseline fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí òkú bàbá rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀.

*

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, igbe Láńrewájú ni Roseline kọ́kọ́ gbọ́ kó tó wọ àgọ́ ọlọ́pàá. Ó kọjá kàńtà, ó ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Láńrewájú wà lórí ìkúnlẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí bẹ́ǹṣì, bàtà Olúyẹmí sì wà lórí ọwọ́ náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti bó, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn wọ ìbàdí.

"Gbé ẹsẹ̀ ẹ kúrò."

"Màdáámù, ó ti kù díẹ̀ kó…"

Roseline já kòbókò gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi gbá a lójúgun. Olúyẹmí fò sókè, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó ń yí gbirigbiri.

"Ó dùn ọ́?"

"Ó dùn mí, mà! Yéè!"

"Tí mo bá gbá ọ ní àgbátúngbá títí di ọ̀sán, ṣé wàá jẹ́wọ́ pé ìwọ lo pa Bàbá?"

Olúyẹmí ń fọwọ́ ra ojúgun rẹ̀.

"Wàá jẹ́wọ́. Èmi náà á jẹ́wọ́. Lọ bu omi wá fún un."

Ìka Láńrewájú ti wú, méjì nínú wọn sì yà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó gbé ọwọ́ náà sí àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. "Ọwọ́ yìí ni mo fi ń jẹun, mà," ló ń sọ. "Ọwọ́ yìí ni."

"Mu omi. Kí lo lọ ṣe nílé Bàbá lánàá?"

"Bàbá ló pè mí lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n ní rédíò ń dákẹ́ lójijì. Éríà ẹ̀ ló yẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ rí ojú ọ̀run ní ìlà oòrùn gbangba, tí nǹkan bá ti dí i báyìí, á panu mọ́. Mo so ó dáadáa mọ́ fèrèsé. Ẹ̀mú mi ni mo gbàgbé síbẹ̀. Nígbà tí mo máa fi kúrò, Bàbá ń jẹ iyán, ó tún bù fún mi."

"Kí ló fa ariwo láàárín yín?"

Láńrewájú fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ètè rẹ̀ ti là. "Nítorí páálí ni, mà. Páálí rédíò."

"Sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí Bàbá ṣe yan rédíò, má fo nǹkan kan."

Ó sọ ọ́. Rédíò àtijọ́ Bàbá ti sú u, nítorí ó máa ń pariwo háà-háà ju kó sọ̀rọ̀ lọ. Wọ́n sọ fún un pé ti sátẹ́láìtì máa ń mú ohùn wá ketekete láti ibi tó jìnnà. Ó fẹ́ máa gba orin ìsìn àti ìwàásù inú ẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì ní gbogbo ọ̀sán Sọ́ńdè, kó sì máa gbé e kiri ní Mọ́ńdè fún àwọn arúgbó ìjọ tí wọn ò lè jáde mọ́. Rédíò oríṣi méjì ló wà ní ṣọ́ọ̀bù. Èyí ńlá ní àyè kásẹ́ẹ̀tì nínú ara rẹ̀, ó sì ní etí: béèyàn bá sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó máa gba ohùn ẹni náà. Èyí kékeré kò ní nǹkan kan nínú ju wáyà lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi gba ohùn gbọ́dọ̀ so ó mọ́ rẹ̀kọ́dà.

"Ńlá ni Bàbá kọ́kọ́ gbé lọ. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n gbé e padà, wọ́n ní ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, ó wúwo jù, kékeré ni wọ́n fẹ́. Wọ́n sì ti ya páálí ẹ̀! Mo ní mi ò gbà á. Wọ́n ní èmi ọmọ àná. Àwa méjèèjì la pariwo. Nígbà tó yá, mo gba ńlá, mo fún wọn ní kékeré. Ó parí síbẹ̀. Ńlá náà ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù."

"Rẹ̀kọ́dà Bàbá ńkọ́? Tó bá ń gba orin, táwọn èèyàn bá ń jà nínú yàrá, ṣé ohùn wọn á wọ kásẹ́ẹ̀tì?"

"Rárá o. Tí wáyà bá ti wọ ihò ẹ̀, etí tiẹ̀ á di. Ohùn rédíò nìkan ló máa gbà. Ẹ lè yìnbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kò ní sí nínú kásẹ́ẹ̀tì."

"Ta ló bá Bàbá wá lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rà á?"

"Ọ̀gbẹ́ni Adéolúwa, tó fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn. Òun ló ń rọ Bàbá pé ńlá ni kí wọ́n rà. Mo gba ohùn ẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì láti fi dán an wò, mo jẹ́ kó gbọ́ ọ. Ó dùn mọ́ ọn gan-an. Kásẹ́ẹ̀tì yẹn ṣì wà nínú ńlá, mi ò tíì yọ ọ́."

Ọ̀gá àgọ́ yọjú láti ọ́fíìsì rẹ̀. "Roseline, ọkọ̀ ọlọ́pàá Ìlọrin ń bọ̀ wá gbé ọmọ yìí ní ìrọ̀lẹ́. Tí wọ́n bá ti gbé e dé ọ̀hún, kò sẹ́ni tó máa bi í ní ìbéèrè mọ́. Tó o bá ní ẹlòmíràn, mú un wá kí ọkọ̀ tó dé."

*

Ẹlòmíràn tí gbogbo ẹnu ń dá ni Káyọ̀dé, ọmọ àbúrò Bàbá. Òun àti Bàbá ń jà lórí ilẹ̀ ẹbí. Lójú gbogbo ẹbí ló ti búra pé òun máa la orí Bàbá, kò sì sẹ́ni tó rí i láti òpin ọ̀sẹ̀. Ẹnì kan sọ pé ó wà ní Ọ̀jọkú. Roseline mú Olúyẹmí tó ń tiro, wọ́n wọ ọkọ̀.

Ilé bàbá kan tó ń to eegun ni wọ́n ti bá a. Roseline ló ṣí ilẹ̀kùn yàrá. Àdá ló kọ́kọ́ rí. Ó yẹrí. Àdá náà kọjá létí rẹ̀, ó sì gún igi ẹnu ọ̀nà gbà-á! Kó tó di pé Káyọ̀dé rí nǹkan mìíràn mú, Roseline ti fi bàtà ta á láyà, ó sì fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Káyọ̀dé lọgun bí ẹran.

"Apá mi! Ẹ ti tún un ṣẹ́! Mo gbé o!"

Ìgbà náà ni Roseline rí i. Apá ọ̀tún rẹ̀ wà nínú igi ọparun àti aṣọ láti èjìká dé ọrùn ọwọ́. Bàbá tó ń to eegun wọlé, inú bí i.

"Kí lẹ fẹ́ fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe? Ọ̀kadà ló dà á nù lọ́jọ́ Sátidé. Láti ìgbà yẹn ló ti wà lórí ẹní yìí. Èmi ni mò ń fún un lóúnjẹ jẹ."

"Kí ló dé tó fi sọ àdá lù mí?"

"Mo rò pé àwọn ará Ọ̀fà ni," Káyọ̀dé ń fọhùn láti ilẹ̀. "Wọ́n ní wọ́n ti pa Bàbá Àgbà. Mo mọ̀ pé èmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ wá pa, nítorí ẹnu mi." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹnu mi yìí náà ni. Bàbá ló rán mi níléèwé."

Roseline gbé e jókòó. "Rédíò tuntun wà nílé Bàbá. Ẹni tó pa á fọ́ ọ wómúwómú."

Káyọ̀dé wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. "Rédíò tuntun? Ó fọ́ ọ? Kò gbé e lọ?" Ó nu imú rẹ̀. "Wèrè ni àbí kí ló ṣe é? Olè á gbé e tà. Èmi tí mò ń bínú, Bàbá ni mo bá jà, kí ni rédíò fi ṣe mí?"

Roseline wò ó tìyanu-tìyanu. Ó dìde, ó fa àdá yọ lára igi, ó sì gbé e fún onílé.

"Kí ó yá ẹ o," ló sọ fún Káyọ̀dé. Kò tọrọ àforíjì.

Nínú ọkọ̀, wọ́n ti kọjá àwọn oko iṣu nígbà tó ní, "Olúyẹmí, kì í ṣe olè, kì í sì í ṣe ìbínú. Ẹ̀rù ni. Ẹ̀rù ohùn ara ẹ̀ ló bà á."

"Kò yé mi, mà."

"Ó pa Bàbá tán, ó gbójú sókè, ó rí i pé ẹ̀rọ ń gba ohùn lọ́wọ́. Ó rò pé igbe Bàbá àti ohùn òun ti wọ inú ẹ̀. Ó yọ kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀kọ́dà. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò tó o. Ó tún la rédíò, ó ń wá kásẹ́ẹ̀tì kejì. Rédíò tí kò ní ilẹ̀kùn kásẹ́ẹ̀tì! Ṣé Láńrewájú tó tà á ni kò mọ̀ pé kò sí nǹkan níbẹ̀?"

Olúyẹmí wo bàtà rẹ̀, èyí tó fi tẹ ọwọ́ Láńrewájú. "Ó mọ̀, mà."

"Dúpẹ́olúwa ńkọ́? Ojúmọ́ kan ò mọ́ kó má rí rédíò yẹn. Ẹni tí kò rí rédíò sátẹ́láìtì rí, ṣé á ronú pé kásẹ́ẹ̀tì wà nínú ikùn ẹ̀? Ẹni tó la rédíò yẹn ti fojú ara ẹ̀ rí rédíò tó ń gba ohùn èèyàn sínú. Ó sì rò pé irú ẹ̀ ni Bàbá ní. Ó rí ńlá. Kò gbọ́ pé Bàbá ti fi gba kékeré."

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù nínú ìtàn Láńrewájú.

*

Adéolúwa ló ń gba àwọn tó wá bá wọn kẹ́dùn nílé Bàbá. Olùkọ́ ni, ará Èkìtì ni, aṣọ dúdú tó wọ̀ ti gún régé. Ó sọ pé Ìbàdàn ni òun wà fún ẹ̀kọ́ kan láti bí ọ̀sẹ̀ kan, pé bọ́ọ̀sì àárọ̀ òní ló gbé òun dé. Nígbà tí Roseline wọlé, ó ń bá àwọn ìyá ìjọ sọ̀rọ̀.

"Àtùpà ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn fún wa ti kú, ẹ̀yin ìyá. Òdòdó tó ń rùn dídùn nínú ọgbà ìgbésí ayé wa ti rẹ̀ dànù…"

Àwọn ìyá náà ń mi orí, omi ń bọ́ lójú wọn. Ojú Adéolúwa gbẹ. Báńdéèjì sì wà lára àtàǹpàkò rẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ́jú," Roseline wí. "Kí ló gé yín lọ́wọ́?"

"Iṣu ni mò ń bó ní Ìbàdàn, Mummy. Ìrora kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrora ńlá."

"Hẹn-ẹn. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ bá Bàbá yan rédíò. Báwo ló ṣe rí?"

"Ẹ̀rọ àrà ni, mà! Ó ga tó báyìí, aláwọ̀ fàdákà, ilẹ̀kùn kásẹ́ẹ̀tì wà níwájú ẹ̀. Mo fi etí ara mi gbọ́ ohùn mi nínú ẹ̀." Ó mí kanlẹ̀. "Ó dùn mí pé olubi ẹ̀dá yẹn fọ́ ọ."

Roseline gba ilé ìdáná lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Dúpẹ́olúwa ń bó ẹ̀gẹ́.

"Ta ló gbá ọ létí? Má pe ilẹ̀kùn fún mi mọ́."

Ọmọbìnrin náà fi ọ̀bẹ sílẹ̀. "Òun ni. Kó tó lọ Ìbàdàn. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́." Ó mí kanlẹ̀. "Ojú ọgbẹ́ yìí ò tètè lọ. Bàbá mi rí i lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ti kéde ìgbéyàwó wa lẹ́ẹ̀mejì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ku ẹ̀ẹ̀kẹta. Bàbá ní tí àlùfáà bá bèèrè pé ta ni kò fọwọ́ sí i, àwọn máa dìde láàárín ìjọ, àwọn á sì sọ ìdí ẹ̀."

"Adéolúwa mọ̀?"

"Bàbá sọ fún un lórí fóònù lọ́jọ́ Sátidé. Mo gbọ́ bó ṣe ń bú wọn."

"Ṣé ẹ sọ fún un pé Bàbá ti pààrọ̀ rédíò?"

"Ta ló ráyè ọ̀rọ̀ rédíò, mà? Ẹkún ni mò ń sun."

Roseline pe Olúyẹmí sí ẹ̀yìnkùlé, ó ní kó lọ gbé rédíò ńlá wá láti ṣọ́ọ̀bù Láńrewájú, kó sì sáré. Nígbà tó padà dé, ẹ̀wù rẹ̀ ti ya, ẹ̀jẹ̀ ń jáde nímú rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ti dé ṣọ́ọ̀bù náà pẹ̀lú kẹrosíìnì. Ó ti nà wọ́n, wọ́n ti nà án, ó sì rí rédíò gbé.

"Àwọn kan ti ń ṣá ilẹ̀kùn lọ́wọ́, mà."

"O ṣeun. Ó ku díẹ̀ kó o san gbèsè ọwọ́ Láńrewájú tán."

*

Rédíò náà wà lọ́wọ́ Roseline nígbà tó wọ pálọ̀. Ó gbé e kọjá lójú gbogbo èèyàn, ó gbé e wọ yàrá Bàbá, ó sì jáde.

"Dúpẹ́, rédíò tuntun Bàbá rèé o," ó sọ ọ́ sókè. "Ẹ̀yìn kọ́tìnnì yàrá la ti rí i. Èyí tó fọ́ yẹn, òmíràn ni. Bọ́tìnnì èyí wà ní títẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì wà nínú ẹ̀, ó ti gbohùn tán. Ilẹ̀kùn ẹ̀ ló há. Mò ń lọ mú Láńrewájú wá láti ṣí i. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án."

Kò wo Adéolúwa rárá nígbà tó ń sọ̀rọ̀. Kò sídìí. Ẹni tó la ikùn rédíò tí kò bá nǹkan kan níbẹ̀ kò ní í ti sùn láti àná. Á máa bi ara ẹ̀ léèrè pé níbo wá ni kásẹ́ẹ̀tì náà wà. Roseline kàn fún un ní ìdáhùn ni.

Ọkọ̀ ọlọ́pàá lọ pẹ̀lú ariwo. Dẹ́rẹ́bà nìkan ló wà nínú ẹ̀. Roseline àti Olúyẹmí ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Roseline dúró sẹ́yìn kọ́ńbọ́ọ̀dù nínú yàrá Bàbá, Olúyẹmí wà níta lábẹ́ fèrèsé.

Kò pẹ́. Ilẹ̀kùn ṣí jẹ́ẹ́. Adéolúwa wọlé, ọ̀bẹ ilé ìdáná wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti ẹnu ọ̀bẹ bọ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn kásẹ́ẹ̀tì, ó ń tú u. Ó já. Ó fa kásẹ́ẹ̀tì jáde, ó sọ ọ́ sápò.

"Kí lò ń ṣe?"

Dúpẹ́olúwa ni. Kò sẹ́ni tó ní kó wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ọ̀bẹ, ó ń wo rédíò. Ojú rẹ̀ ló fi hàn pé gbogbo rẹ̀ ti yé e.

"Ìwọ ni," ló wí. "Adéolúwa, ìwọ ni."

Adéolúwa fa aṣọ rẹ̀ lọ́rùn, ó gbá a mọ́ ògiri, ó sì fi ọ̀bẹ lé e lọ́fun. Kò sí òdòdó lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

"Panu mọ́! Bàbá ẹ ò panu mọ́, o rí bí mo ṣe ṣe é. Ó ní òun máa dójú tì mí láàárín ìjọ. Mo bẹ̀ ẹ́, ó ní kí n jáde. Ó kẹ̀yìn sí mi, ó ń gbọ́ orin! O fẹ́ kí n fọ́ orí tìẹ náà?"

Roseline jáde. Adéolúwa yí padà, ó fi ọ̀bẹ ṣá a. Ó ya apá òsì rẹ̀ láti ìgúnpá dé ọwọ́, ẹ̀jẹ̀ tú sára ògiri. Roseline kò dúró wo apá. Ohun tó wà nítòsí ló gbá mú, rédíò ńlá ni. Bàbá ní ó wúwo jù. Ó wúwo lóòótọ́. Ó fi gbogbo agbára fì í lu Adéolúwa lágbárí. Ọkùnrin náà ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó tún gbé ọ̀bẹ. Roseline tún fì í, lọ́tẹ̀ yìí ọrùn ọwọ́ ló bà, eegun ró kẹ́ẹ́, ọ̀bẹ sì bọ́ sílẹ̀. Olúyẹmí já wọlé látojú fèrèsé, ó bọ́ lé e lórí.

Àwọn ìyá ìjọ ti kún ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi na Adéolúwa lẹ́nu, láìsọ̀rọ̀.

*

Ọkọ̀ Ìlọrin ti wà níwájú àgọ́ nígbà tí wọ́n dé. Wọ́n ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí Láńrewájú lọ́wọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà nínú ọkọ̀. Olúyẹmí fúnra rẹ̀ ló lọ tú u. Ó tú u jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kò jẹ́ kí irin kan àwọn ìka tó wú náà.

"Má bínú," ló wí.

Láńrewájú wo ojú rẹ̀. "Ọwọ́ mi ni kó o sọ ọ́ fún."

Nínú ọ́fíìsì ọ̀gá àgọ́, lójú Dúpẹ́olúwa àti Láńrewájú, Adéolúwa jókòó sílẹ̀, ojú rẹ̀ ti wú, ó ti ń wá ọ̀rọ̀ dídùn rẹ̀ kiri. "Ọ̀gá, ìbànújẹ́ ló da orí mi rú tí mo fi sọ ohun tí mo sọ. Kásẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ gbà lápò mi yẹn, ẹ gbọ́ ọ. Tí ẹ bá gbọ́ pé mo pa ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀…"

"Kò sí nínú ẹ̀," Roseline wí. Nọ́ọ̀sì ń di apá rẹ̀ lọ́wọ́. "Kò sí nínú èyí tó o gbé lọ lánàá náà. Níbo lo gbé e sí?"

Adéolúwa wò ó. "Mo sun ún."

Bó ti sọ ọ́ tán ló bo ẹnu.

"O ò tiẹ̀ gbọ́ ọ kó o tó sun ún. Orin ìsìn nìkan ló wà nínú ẹ̀. Ká ní o kàn jáde, tó o fi rédíò sílẹ̀, Láńrewájú lọkọ̀ yẹn ì bá gbé lọ." Ó gbé rẹ̀kọ́dà Bàbá sórí tábìlì, ó fi kásẹ́ẹ̀tì rédíò ńlá sínú ẹ̀. "Èyí, ọjọ́ tẹ́ ẹ yan rédíò ni. Láńrewájú, tẹ̀ ẹ́."

Ìka Láńrewájú kò lè tẹ nǹkan kan. Ó fi ìgúnpá tẹ̀ ẹ́.

Ohùn Adéolúwa ló kọ́kọ́ jáde, ó ń dán. "Bàbá mi, ẹ ra èyí! Kò sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nínú ilé yín tí kò ní gbọ́!" Ẹ̀rín tẹ̀ lé e. Fóònù dún. Ẹsẹ̀ ń jáde lọ, ohùn rẹ̀ ń jìnnà: "Hẹ́lò? Hẹ́lò?"

Ohùn arúgbó kan wá sọ̀rọ̀ nítòsí, ó rọra ń sọ ọ́. Dúpẹ́olúwa di etí tábìlì mú.

"Láńrewájú, màá kọ́kọ́ gbé èyí lọ ná, kí ọmọ yìí má bàa bínú. Ṣùgbọ́n ó wúwo. Ṣé kékeré yẹn ṣì wà?"

"Ó wà, Bàbá. Àmọ́ kò ní etí o. Kò lè gbọ́ yín tẹ́ ẹ bá ń sọ̀rọ̀."

"Ta ló ní kó gbọ́ mi? Orin nìkan ni mo fẹ́ kó gbà."